Ohio àti Ibi tí Ọkọ̀ Òfuurufú ti Ṣẹ̀

Ìpínlẹ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Ohio àti North Carolina, ni wọ́n ń du oyè orírun ọkọ̀ òfuurufú mọ́ ara wọn lọ́wọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì kọ ẹ̀tọ́ tirẹ̀ sára nọ́ńbà mọ́tò àwọn ará ìpínlẹ̀ rẹ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Wilbur àti Orville Wright ṣe ọkọ̀ náà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ wọn ní Dayton, Ohio, wọ́n sì gbé e lọ sí etíkun North Carolina nítorí afẹ́fẹ́ líle àti iyanrìn rírọ̀ tó wà níbẹ̀, níbi tí ó ti kọ́kọ́ fò fún ìṣẹ́jú àáyá 12 ní ọjọ́ 17, oṣù Kejìlá, 1903.

Àríyànjiyàn yìí bo ohun tó tóbi jù mọ́lẹ̀, nítorí ọkọ̀ tó gbéra tí kò tíì lè yí padà síbi tó ti gbéra kò tíì di ohun ìrìnnà. Huffman Prairie, pápá ìjẹko màlúù kan lẹ́bàá Dayton, ni wọ́n ti kọ́ bí a ti ń darí rẹ̀. Nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò lágbára tó ti etíkun, wọ́n gbé òpó gíga onígi kalẹ̀, wọ́n so ẹrù wúwo mọ́ òkè rẹ̀, tí ìjábọ́ ẹrù náà yóò sì fi okùn fa ọkọ̀ síwájú títí yóò fi ní eré tó. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹsàn-án, 1904, Wilbur fò yí pápá náà po fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́jọ́ náà sílẹ̀ kì í ṣe oníròyìn ìlú ńlá. Amos Root ni, ọlọ́sìn oyin láti Medina, tó tẹ ìtàn náà jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn olùsìn oyin tirẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní, 1905, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ńlá ṣì dákẹ́, èyí tó jẹ́ ìtìjú fún àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti ríran fún aráyé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, Wilbur fò ju máìlì 24 lọ láìsọ̀kalẹ̀, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 39, èyí gan-an ló sì yẹ kí Ohio máa fi yangàn.

Iṣẹ́ ológun tẹ̀lé e kíákíá: ọmọ ogun Amẹ́ríkà ra ọkọ̀ Wright ní 1909, Henry Arnold sì kọ́ bí a ti ń wà á ní pápá náà ní 1911, ẹni tó wá darí agbo ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ náà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Inú ibùdó ológun Wright-Patterson ni pápá náà wà lónìí.

Ẹ̀rí kò pọ̀ tó láti so pápá yìí pọ̀ tààrà mọ́ àwọn ọmọ Ohio tó lọ sí gbalasa òfuurufú, ìyẹn òkè réré tí afẹ́fẹ́ ayé kò dé. Síbẹ̀, John Glenn, tó yí ayé po lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní 1962, àti Neil Armstrong ti jẹ́ awakọ̀ òfuurufú ológun rí, Armstrong sì mú ẹ̀là igi àti aṣọ lára ọkọ̀ 1903 náà lọ sí òṣùpá ní 1969.