Eyín Tánganran: Kí Ni Wọ́n Máa Ha Kúrò Kí Wọ́n Tó Lẹ̀ Ẹ́?

Ẹni tó bá ṣe kékeré ní Yewa láyé ìgbà tí mò ń dàgbà máa rántí kápúsù kan tó pupa lápá kan, tó yẹ́lò lápá kejì. Tetracycline lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n "rẹ́ẹ̀dì àti yẹ́lò" la mọ̀ ọ́n sí. Ibà o, ikọ́ o, inú rírun o, òun ni oníkẹ́míìsì máa fún yín. Tó bá jẹ́ ọmọdé, wọ́n á ṣí i, wọ́n á da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sómi, wọ́n á ní kó gbé e mì. Mo mu ún dáadáa ní Ayétòrò. Ohun tí ẹnì kankan ò sọ fáwọn òbí wa ni pé oògùn yẹn máa ń wọnú eyín tí kò tíì dàgbà tán lábẹ́ erìgì, àti pé láti inú oyún títí ọmọ á fi pé bí ọdún mẹ́jọ ni ewu náà wà. Eyín á yọ tán, ìlà aláwọ̀ eérú tàbí aláwọ̀ ilẹ̀ á wà lára rẹ̀. Pákò ò lè bó o, èédú ò lè bó o, torí inú lọ́hùn-ún ni àwọ̀ náà wà.

Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í fi í dùn tí mo bá gbọ́ pé gbogbo ẹni tó fẹ́ tún eyín ṣe, fáàrí ló ń dà á láàmú. Ṣebí nílẹ̀ wa níbí, ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Á pè é ní Eyínfúnjowó tàbí Eyínmẹ́nugún. Èjí náà ńkọ́? Ẹni tí Ọlọ́run ò fún, àwọn kan máa ń ní kí wọ́n fi irin ya àárín eyín méjèèjì iwájú fáwọn. Kì í ṣe òyìnbó ló kọ́ wa láti ha eyín nítorí ẹwà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn lórí veneer, kó má wulẹ̀ gba ọ̀nà ìwàásù wá.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Peckham ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń pè mí sórí tẹlifíṣọ̀n báyìí láti sọ̀rọ̀ òfin, eyín yẹn ò yẹ mí mọ́, àwọn á sanwó. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, veneer yìí ni tánganran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èékánná tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iwájú eyín. Mo lọ sí ilé ìtọ́jú eyín kan. Kí n tó jókòó dáadáa, wọ́n ti gbé páálí àwọ̀ síwájú mi kí n yan bó ṣe máa funfun tó. Iye tí wọ́n pè fún eyín kan ju owó ilé tí mò ń san lọ́dún ní Ìlaró lọ, eyín mẹ́jọ ni wọ́n sì fẹ́ ṣe. Ìgbà tí mo béèrè pé ṣé wọn ò ní ha eyín mi, ọmọbìnrin tó ń dá mi lóhùn ní, "Díẹ̀ báyìí ni, àǹtí, ẹ ò ní mọ̀ rárá."

Inú "díẹ̀" yẹn ni gbogbo ẹjọ́ wà. Ohun tí wọ́n ń ha sábà máa ń wà láàárín mílímítà 0.3 sí 0.7. Ó kéré lójú. Ṣùgbọ́n èèpo líle tó bo eyín kì í hù padà bí irun tàbí èékánná. Tí wọ́n bá ti ha á, ó lọ nìyẹn, nǹkan mìíràn ni yóò sì máa bo eyín náà láti ọjọ́ yẹn lọ. Tánganran náà kì í báni kalẹ́: ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló sábà máa ń lò kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí. Tí Ọlọ́run bá fún mi ní ọgọ́rin ọdún, màá sanwó yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó kéré tán. Ti ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ẹyọ kan níbẹ̀.

Ibi tó dùn mí jù rèé. Tánganran fẹ́lẹ́ máa ń jẹ́ kí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ hàn. Kí dúdú inú eyín má baà yọ síta, tánganran náà gbọ́dọ̀ nípọn. Kó tó lè nípọn, wọ́n ní láti ha eyín sí i. Ìyẹn ni pé àwa ọmọ rẹ́ẹ̀dì àti yẹ́lò, tí a nílò rẹ̀ jù, ni wọ́n máa ha eyín wa jù. Ọmọbìnrin yẹn ò sọ èyí. Dókítà eyín mìíràn tí mo lọ bá lẹ́yìn náà ló sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ nígbà tí nǹkan yìí bẹ̀rẹ̀, yíyọ ni wọ́n ń yọ ọ́. Charles Pincus, dókítà eyín ní California, ló ń ṣe é fáwọn òṣèré Hollywood ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì: wọ́n á lẹ̀ ẹ́ fún kámẹ́rà, wọ́n á yọ ọ́ tí iṣẹ́ bá parí. Lọ́dún 1955 ni Michael Buonocore fi hàn pé ásíìdì lè mú kí nǹkan dì mọ́ eyín. Nígbà tó fi máa di bí ọdún 1983, Simonsen àti Calamia ti fi ásíìdì ṣe tánganran náà bákan náà. Láti ìgbà yẹn ni ohun tí wọ́n ń yọ lálẹ́ ti di ohun téèyàn ò lè yọ fúnra rẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òfin, iṣẹ́ mi nìyẹn. Abala 23 nínú National Health Act ti ọdún 2014 ní kí olùtọ́jú sọ fún ẹni tó wá gba ìtọ́jú irú ọ̀nà tó wà, àǹfààní wọn, ewu wọn, owó wọn àti ohun tó lè tẹ̀yìn wọn yọ, kó sì jẹ́ kó mọ̀ pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ náà ti sọ ọ́ lọ́dún 2001, nínú ẹjọ́ Dókítà Okonkwo, pé àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lè kọ ìtọ́jú. Apá tí wọn kì í kà nínú abala 23 yẹn ni pé, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, èdè tí onítọ̀hún gbọ́ ni kí wọ́n fi sọ ọ́, kí wọ́n sì wo bó ṣe kàwé tó. Ìwé tí wọ́n ní kí n fọwọ́ sí, Gẹ̀ẹ́sì ni látòkè délẹ̀. Èmi lè kà á. Ìyá tó ń ta láfún ní Ọjà-Ọ̀dàn ńkọ́?

Mo dán an wò. Mo fi Yorùbá ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún Mọ́mì mi ní Ayétòrò. Wọ́n gbọ́ ọ tán, nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Tó bá já bọ́ níbi tó o ti ń jẹ egungun, ṣé eyín tìẹ ṣì wà lábẹ́ ẹ̀?" Mo ní ó wà, àmọ́ ìhòòhò ló máa wà. Wọ́n ní, "Hẹ̀n-ẹn."

Ẹnì kan ní kí n kúkú gba Ìdìrókò kọjá sí Kútọnù. Dókítà ibẹ̀ lè mọṣẹ́ ju ti ibí lọ o, ṣùgbọ́n tí nǹkan bá bàjẹ́, agbára Medical and Dental Council of Nigeria parí sí bodè. Èyí tó burú jù ni tàwọn tó ń lẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìṣaralóge. Ní Amẹ́ríkà gan-an, ọlọ́pàá ti mú àwọn tó ń pe ara wọn ní "veneer tech". Ẹni tó ń mọ tánganran náà ní lábù lọ́tọ̀, ẹni tó ń fọ eyín lọ́tọ̀. Dókítà eyín tó forúkọ sílẹ̀ ni kó ha á. Ọdọọdún ni wọ́n ń gba láísẹ́ǹsì, ẹ ní kó fi tọdún yìí hàn yín. Tó bá bínú, ẹ dìde.

Èmi ti yan tèmi. Jẹ́lì tó ń mú eyín funfun ni màá kọ́kọ́ lò, nínú àwo rọ́bà tí wọ́n mọ bá eyín mi mu, lálaalẹ́. Fún irú eyín tèmi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì. Ó lè gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tútù á máa dun eyín, ẹ̀bá erìgì sì lè má mọ́ tán. Èyí tó bá ṣẹ́kù, wọ́n á fi composite bò ó, èyí tí dókítà ń fọwọ́ mọ sórí eyín lójú ẹsẹ̀. Kì í pẹ́ tó tánganran, tíì àti ọbẹ̀ sì máa ń pa á láwọ̀, ṣùgbọ́n híha rẹ̀ kì í sábà pọ̀, wọ́n sì lè tún un ṣe. Tánganran ò sá lọ. Tí mo bá fẹ́ ẹ lọ́dún mẹ́wàá sí i, èèpo eyín mi á ṣì wà fún wọn láti ha.

Dókítà béèrè bóyá kóun bá mi dí èjí mi pa pọ̀. Mo ní kó má dán an wò. Inú ẹ̀gbọ́n mi ò dùn, wọ́n ní mò ń fi owó ọ̀fẹ́ ṣeré. Mo ní kí wọ́n ṣì bá wa fi pamọ́. Àwọn àbúrò wa méjèèjì náà mu rẹ́ẹ̀dì àti yẹ́lò.