Bí òkúta àti egungun inú ilẹ̀ ṣe ń gba orúkọ Gíríìkì àti Látìn

Hematite tí wọ́n ń wà ní Itakpe, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, lè dúdú tàbí kó máa dán bí irin. Ṣùgbọ́n bí a bá lọ̀ ọ́ kúnná, pupa ni ìyẹ̀fun rẹ̀. Àwọn Gíríìkì ìgbàanì ti rí èyí. Haima ni wọ́n ń pe ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì sọ òkúta náà ní haimatites lithos, òkúta ẹlẹ́jẹ̀. Bí a ṣe ń sọ ọmọ tó bá fi ẹsẹ̀ jáde ní Ìgè ni: ipò tí wọ́n bá a ni wọ́n fi pè é. Títí dòní, onímọ̀ òkúta tó bá ń ṣiyèméjì yóò fa òkúta ọwọ́ rẹ̀ lára àwo tánńganran tí kò dán. Bí ìlà tó fà bá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ hematite. Inú orúkọ náà ni àyẹ̀wò yìí ti wà látìgbà yẹn.

Ibẹ̀ náà ni ìrù -ite tó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ orúkọ òkúta ti wá. Lithos ni òkúta lédè Gíríìkì, -ites sì fi hàn pé ó jẹ́ ti nǹkan kan. Nígbà tó yá, lithos bọ́ dànù, ìrù nìkan ló kù, a sì lè so ó mọ́ ohunkóhun báyìí. Biotite, èyí dúdú tó máa ń bó ní pelebe-pelebe lára àpáta granite, ń jẹ́ orúkọ Jean-Baptiste Biot, onímọ̀ físíìsì ará Faransé. Granite fúnra rẹ̀ ti ara granum wá, ohun tí Látìn ń pe hóró. Ẹni tó bá ti gun Òkè Olúmọ, tó sì wo ara àpáta náà dáadáa, ti rí àwọn hóró wọ̀nyẹn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ èdè méjì yìí? Látìn ni àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù fi ń kọ̀wé nígbà tí ìmọ̀ yìí ń bẹ̀rẹ̀. Ará Jámánì ni Georgius Agricola, ṣùgbọ́n Látìn ló fi kọ De Natura Fossilium ní 1546, kí ará Ítálì àti ará Sweden lè kà á. Nínú ìwé rẹ̀, ohunkóhun tí a bá hú jáde nínú ilẹ̀ ni fossilis, ìbáà jẹ́ iyọ̀, ìbáà jẹ́ òkúta olówó iyebíye. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó dín kù sí egungun, ìkarawun àti ewé ayé àtijọ́ nìkan, ohun tí à ń pè ní fọ́sìlì lónìí.

Àwọn orúkọ tí mo fẹ́ràn jù ni àwọn tó ń ṣe ìkìlọ̀. Ní 1786, Abraham Gottlob Werner, olùkọ́ ìmọ̀ ìwakùsà ní Freiberg, mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí kí a tan ènìyàn jẹ, ó sì sọ òkúta kan ní apatite. Ó lè tutù bí ewé, ó lè dà bí aró, àwọn ènìyàn sì ti ń pè é ní beryl tàbí tourmaline. Ọ̀bẹ irin gidi lè ha apatite. Kò lè ha beryl. Àlùmọ́ọ́nì ìdílé apatite yìí kan náà ló jẹ́ kí eyín àti egungun wa le. Sphalerite tún wà, tí orúkọ tirẹ̀ túmọ̀ sí ẹlẹ́tàn. Àwọn awakùsà máa ń rò pé galena, òkúta tó ní òjé nínú, ni wọ́n rí, síbẹ̀ wọn kì í rí òjé nínú rẹ̀. Síǹkì ló wà níbẹ̀. Ní agbègbè Abakaliki, ojú kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń jáde.

Columbite ní ìtàn tó gùn ju gbogbo wọn lọ. Ní 1801, Charles Hatchett yẹ òkúta kan wò ní London, èyí tó ti Amẹ́ríkà wá, ó rí mẹ́tàlì tuntun nínú rẹ̀, ó sì pè é ní columbium, nítorí Columbia ni àwọn akéwì ń pe Amẹ́ríkà. Ní 1802, Anders Ekeberg ní Sweden rí òmíràn tó jọ ọ́. Bó ṣe rì í sínú ásíìdì tó, kò mu nínú rẹ̀. Ó wá rántí Tantalus inú ìtàn Gíríìkì, tó dúró sínú omi títí dé àgbọ̀n ṣùgbọ́n tí kò lè mu, ó sì sọ ọ́ ní tantalum. Àwọn méjèèjì máa ń wà pa pọ̀ nínú òkúta kan, ó sì ṣòro gan-an láti yà wọ́n. Nígbà tí Heinrich Rose, ará Jámánì, fi hàn ní 1844 pé mẹ́tàlì méjì ni lóòótọ́, ó pe èkejì ní niobium, nítorí ọmọbìnrin Tantalus ni Niobe. Orúkọ yìí ló borí columbium, ṣùgbọ́n òkúta náà ṣì ń jẹ́ columbite. Ó pọ̀ ní Jos débi pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ní sẹ́ńtúrì ogún, Nàìjíríà ló ń tà á jù lágbàáyé. Àwọn awakùsà Ìjerò-Èkìtì náà mọ̀ ọ́n.

Ti fọ́sìlì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ammonite, ìkarawun tó ká bí ìwo àgbò, ń jẹ́ orúkọ Ammon, òrìṣà Íjíbítì tí wọ́n máa ń yà pẹ̀lú ìwo àgbò lórí. Ara trilobite pín sí ọ̀nà mẹ́ta lóròó, orúkọ rẹ̀ sì sọ bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni òfin: nínú orúkọ ẹranko, èyí tí wọ́n bá kọ́kọ́ tẹ̀ jáde lọ́nà tó tọ́ ló máa ń dúró, bó bá tiẹ̀ parọ́. Ní 1834, Richard Harlan rí egungun ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ó sì pè é ní Basilosaurus, ọba aláǹgbá. Nígbà tó di 1839, Richard Owen rí i pé eyín rẹ̀ ní gbòǹgbò méjì-méjì, ohun tí eyín aláǹgbá kì í ní. Àbùùbùtán ni. Owen fún un lórúkọ mìíràn, òfin kò gbà. Ti dáínósọ̀ Oviraptor tún dunni jù, nítorí olè ẹyin ni orúkọ náà túmọ̀ sí. Orí ìtẹ́ ẹyin ni wọ́n ti rí i ní aṣálẹ̀ Gobi ní 1923, wọ́n sì rò pé ẹyin ẹran mìíràn ni. Henry Fairfield Osborn, tó sọ ọ́ lórúkọ ní 1924, kìlọ̀ nígbà yẹn pé orúkọ náà lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Ní àwọn ọdún 1990, wọ́n rí ọmọ inú irú ẹyin bẹ́ẹ̀, ìbátan Oviraptor ni. Ó jọ pé òbí tó sàba lórí ẹyin ara rẹ̀ ni wọ́n pè lólè.

Àwa náà ní tiwa ní Nàìjíríà. Ní 1920, Charles William Andrews ti British Museum kọ̀wé nípa egungun àgbọ̀n àbùùbùtán tí wọ́n hú jáde ní agbègbè Ameki, ní apá ìlà-oòrùn gúúsù, tó ti lé ní mílíọ̀nù 40 ọdún. Ó pè é ní Pappocetus lugardi. Pappos ni bàbá àgbà, ketos ni àbùùbùtán, -i ìkẹyìn sì túmọ̀ sí “ti”, ìyẹn ti Lugard, tó ti jẹ́ gómìnà àgbà Nàìjíríà ṣáájú ìgbà náà. Apá àkọ́kọ́ dára lójú mi gan-an, ó bá ẹran náà mu. Èkejì kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Òfin kò ní kí ọ̀rọ̀ jẹ́ ti Gíríìkì tàbí Látìn ní dandan. Jobaria, dáínósọ̀ tí wọ́n sọ lórúkọ ní 1999, gba orúkọ rẹ̀ lára Jobar, ẹran inú ìtàn àwọn Tuareg ní Niger. Bí ẹnìkan bá sì kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ẹran tuntun, ó lè fi ọ̀rọ̀ Yorùbá pè é. Ìrù tó máa ń sọ ibi tí nǹkan ti wá ni -ensis, ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra fún un: Ouranosaurus nigeriensis kì í ṣe ti Nàìjíríà, ilẹ̀ Niger ni wọ́n ti wú egungun rẹ̀.