Oògùn Apakòkòrò Kì í Ṣe Gbogboǹṣe

Oògùn apakòkòrò, irú bí ampíkílọ́ọ̀sì tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́mísì láti Ìyànà Ọ̀fà dé ìgboro Ìbàdàn, wà fún pípa bakitéríà, ìyẹn àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àrùn bíi tífọ́ọ̀dù. Kò ran ibà, kò sì ran ọ̀fìnkìn, nítorí pé kòkòrò mìíràn ló ń fa àwọn wọ̀nyẹn. Bí a bá lò ó láìnídìí, tàbí tí a kò lò ó tó bó ṣe yẹ, àwọn kòkòrò tí kò lágbára ni yóò kú, àwọn tó le yóò ṣẹ́kù, wọn yóò sì máa pọ̀ sí i títí oògùn náà kò fi ní ràn wọ́n mọ́. Alexander Fleming, tó ṣàwárí pẹnisílìnì ní 1928, ti kìlọ̀ ní 1945 pé lílo oògùn náà ní ìwọ̀n tí kò tó lè fa irú èyí. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé ní 2019 nìkan, kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́ pa ènìyàn bíi 1,270,000 ní àgbáyé, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì wà lára ibi tí ìyà náà ti pọ̀ jù.

Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi pín àwọn oògùn yìí sí ọ̀wọ́ mẹ́ta ní 2017: èyí tí a máa ń kọ́kọ́ lò, irú bí amoksisílìnì, èyí tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ lò, irú bí abẹ́rẹ́ ceftriaxone tó wọ́pọ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn wa, àti èyí tí a fi pamọ́ de ìgbà tí gbogbo ìyókù bá kùnà. Ọdún yẹn náà ni Nàìjíríà gbé ètò tirẹ̀ kalẹ̀ láti dènà kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́. Níbi tí ìdíwọ̀n, ìyẹn ṣíṣọ́ oògùn yìí lò, bá ti múlẹ̀ ní ilé ìwòsàn, dókítà kò lè dá kọ oògùn ọ̀wọ́ kẹta láìjẹ́ pé ọ̀gá nínú ìmọ̀ kòkòrò àrùn fọwọ́ sí i.

Àyẹ̀wò ni ìpìlẹ̀ ìdíwọ̀n náà. Ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn ńlá, irú bí UCH ní Ìbàdàn, wọn a gba ìtọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, wọn a jẹ́ kí kòkòrò inú rẹ̀ hù nínú abọ́ pẹlẹbẹ, wọn a fi díẹ̀ nínú kòkòrò náà pa ojú abọ́ mìíràn, wọn a sì to bébà róbótó kéékèèké tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn sójú abọ́ náà. Bébà tí àyíká rẹ̀ bá mọ́ gaara ni oògùn rẹ̀ ràn, èyí tí kòkòrò bá hù dé etí rẹ̀ kò wúlò. Iṣẹ́ yìí máa ń gbà tó ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, owó rẹ̀ sì sábà máa ń jáde láti àpò aláìsàn. Nítorí náà, ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu kò ní dúró de èsì, oògùn tó le ni wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀, tí wọn yóò sì pààrọ̀ rẹ̀ bí èsì bá dé.

Ṣùgbọ́n ìdíwọ̀n ilé ìwòsàn nìkan kò tó, bí oníkẹ́mísì bá ṣì ń ta ẹyọ méjì mẹ́ta fún ẹni tí dókítà kò rí, tí olósìn adìẹ sì ń pò ó mọ́ omi mímu adìẹ tí ara rẹ̀ le. Kí ẹni tí dókítà bá sọ fún pé kò nílò apakòkòrò má ṣe bínú. Kí ẹni tí wọ́n bá kọ ọ́ fún lò ó bí wọ́n ṣe ní kó lò ó, kó má sì pín in fún ará ilé tàbí aládùúgbò.