Bí A Bá Gba Ìrántí Ọmọ

Nínú ìwé Slated tí Teri Terry kọ ní ọdún 2012, ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 2054 a máa pa ìrántí àwọn ọ̀dọ́ arúfin rẹ́ ráúráú, a sì fún wọn ní orúkọ àti òbí titun. Kyla, ọmọ ọdún 16, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Nínú ìwé kejì, Fractured, ti ọdún 2013, ìrántí rẹ̀ ń padà bọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí ń bá ìjọba jà náà ti mọ ọ́n tẹ́lẹ̀ fún ìlò ara wọn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀kọ́ ńlá nìyí. Ọmọ tí ìjọba gba ìrántí rẹ̀, tí olùdáǹdè sì fún ní èyí tí ó wu òun, kò tíì di òmìnira. Ẹ kọ́ ọmọ ní ìtàn baba rẹ̀. Ẹ sì kọ́ ọ bí yóò ti wádìí rẹ̀ fúnra rẹ̀.