Ekòló Onírùkẹ̀rẹ̀: Kí Ẹ Tó Gbé Òkun Wọ Pálọ̀

Ekòló tó bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu fún un. Ekòló tí àwa ọmọ Ẹ̀pìnmì mọ̀ nìyẹn, èyí tí ọkọ́ ń hú síta nígbà tí a bá ń kọ ebè iṣu. Ó ní ìbátan kan nínú òkun tó jẹ́ pé ilé ni ó ń kọ́ fúnra rẹ̀. Ohun yíyọ̀ tó ń ti ara rẹ̀ jáde ni ó fi ń po iyanrìn àti ẹrẹ̀, a sì fi mọ ọ̀pá oníhò kan tó rí bí awọ. Inú ọ̀pá yìí ni ó ń gbé. Orí rẹ̀ nìkan ni ó ń yọ síta, orí náà sì dàbí ìrùkẹ̀rẹ̀ ọba tí a tẹ́ yíká bí abẹ̀bẹ̀. Àwọn Òyìnbó wò ó, wọ́n rántí ìyẹ́ tí a fi ń gbọn eruku, wọ́n bá sọ ọ́ ní feather duster. Èmi ń pè é ní ekòló onírùkẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní orúkọ tó dára ju èyí lọ, kó jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ sí wa.

Àbúrò mi kan tó ń sin ẹja àrọ̀ nínú táńkì oníke lẹ́yìn ilé wa ní Ẹ̀pìnmì ni ó rí fídíò ẹranko yìí lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé a kò lè sin èyí sí pálọ̀ ni?" Mo ti rí i sójú rí ní ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ní Èkó, nínú àpótí onígíláàsì tó kún fún omi iyọ̀. Ìdáhùn mi gùn ju bí ó ti rò lọ.

Ìrùkẹ̀rẹ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ni ẹranko náà fi ń mí, òun náà ni ó fi ń wá oúnjẹ. Irun tín-ín-tìn-tín wà lára ẹ̀ka rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń fẹ́ omi kọjá, ohun tó bá sì léfòó nínú omi á há síbẹ̀. Nígbà náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọ́n sọ́tọ̀ bí ìyá tó ń fi asẹ́ ku èlùbọ́. Èyí tó tóbi jù, ó dà á nù. Èyí tó wà láàárín, ó fi mọ ilé rẹ̀ gùn sí i. Èyí tó kúnná jù lọ ni ó ń jẹ. Bí òjìji ọwọ́ yín bá kọjá lórí rẹ̀, kí ẹ tó ṣẹ́jú, gbogbo rẹ̀ ti wọ inú ọ̀pá lọ, nítorí àwọn ojú kéékèèké wà lára ìyẹ́ náà tó ń mọ̀ bí òkùnkùn bá ṣú. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn eré yìí púpọ̀. Ẹ má gbà fún wọn jù, ẹni tó sá pamọ́ kò lè jẹun.

Ebi gan-an ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹni tó ń sin ẹja a máa yangàn pé omi òun mọ́ gaara, ṣùgbọ́n nínú omi tó mọ́ gaara, ebi ni yóò pa ekòló yìí. Kò ní ké, kò sì ní léfòó sókè bí ẹja. Ìrùkẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á kàn máa kéré sí i láti oṣù dé oṣù. Oúnjẹ rẹ̀ ni ewéko òkun tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń tà nínú ìgò bí omi aláwọ̀ ewé. Àbúrò mi ní omi táńkì òun náà láwọ̀ ewé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ewéko omi tí kò níyọ̀ nìyẹn. Bó bá dé inú omi iyọ̀, yóò kú, yóò sì jẹrà. Ìgbà mélòó kan lọ́sẹ̀ ni à ń bọ́ ọ, díẹ̀díẹ̀. A ó pa ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ó má baà gbé oúnjẹ lọ. Bó bá sì pọ̀ jù, amóníà á gba inú omi kan.

Ti iyọ̀ ńkọ́? Nǹkan bí gíráàmù 35 iyọ̀ ni ó wà nínú lítà omi òkun kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ nìkan. Magnesium, calcium àti potassium wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àpòpọ̀ iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí ni à ń rà, àpótí oní-lítà 100 yóò sì gba tó kílò 3.5. Lóòótọ́, Ìpínlẹ̀ Òǹdó tiwa yìí ní òkun. Ó wà ní Ìlàjẹ, níbi tó ti ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ pọ̀ nínú omi etíkun náà, ta ni yóò sì ru kẹ́ẹ̀gì láti ibẹ̀ gun òkè Àkókó? Omi òjò tó gba orí páànù onísíńkì kọjá léwu, nítorí síńkì àti bàbà ń pa irú ẹranko báyìí. Oògùn ẹja tó ní bàbà nínú kò gbọ́dọ̀ kan omi rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, omi inú àpótí á máa fà, iyọ̀ kì í sì í bá a lọ. Omi tí kò níyọ̀ ni a ó fi dí i, kì í ṣe omi iyọ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nìyẹn.

Iná ló wá le jù. Omi gbọ́dọ̀ máa rú tọ̀sán tòru, ìgbóná rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà láàárín 24 sí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní Èkó, ẹ̀rọ amúnáwá bàjẹ́, kò sí iná fún òru méjì. Ní òwúrọ̀ kẹta, mo bá ìrùkẹ̀rẹ̀ náà nílẹ̀ iyanrìn, òun nìkan, ó ti já kúrò lórí ọ̀pá. Gbogbo wa gbà pé ó ti kú. Èmi ni mo fi ọwọ́ mi mú ọ̀pá náà, tí mo jù ú sínú páńtírí. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé bí ara bá ni ekòló yìí, ó lè bọ́ ìrùkẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sọnù kí ó sì wà láàyè nínú ọ̀pá, kí òmíràn sì hù fún un láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kékeré ní àkọ́kọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ààyè ni mo jù nù. Bí òórùn burúkú kò bá tíì jáde láti inú ọ̀pá, ẹ fi í sílẹ̀ síbi tó wà.

Mo sọ èyí fún àbúrò mi, mo sì fi kún un pé inú òkun ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ní Hawaii, àwọn tó ń kó wọn tà nígbà kan rí máa ń fọ́ àpáta iyùn kí wọ́n tó rí wọn yọ.

Kò ra ekòló. Ó ra iyọ̀, ó ra òkúta, ó so ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré kan mọ́ bátìrì sólà. Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé tí omi iyọ̀ lásán ti wà ní pálọ̀ wa, tó ń hó kùtù-kùtù, kí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń pa oró amóníà lè fìdí múlẹ̀. Ó ń kọ ìwọ̀n iyọ̀ rẹ̀ sínú ìwé láràárọ̀. Àwọn àlejò a bẹ̀rẹ̀, wọ́n a wò títí, wọ́n a béèrè pé ẹja inú rẹ̀ dà. Ó máa ń dá wọn lóhùn pé kò tíì dé.