Àtúnṣe Ètò Ọrọ̀-Ajé Íńdíà ní Ọdún 1991

Àtúnṣe ètò ọrọ̀-ajé Íńdíà ní ọdún 1991 ni orúkọ tí a ń pe ọ̀wọ́ ìpinnu tí ìjọba orílẹ̀-èdè Íńdíà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní oṣù Keje ọdún náà. Nípa wọn ni ìjọba fi dín iye owó rúpì kù, tí ó mú ìwé-àṣẹ kúrò lọ́rùn ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, tí ó sì ṣílẹ̀kùn fún ọjà àti owó àwọn ará òkèèrè. P. V. Narasimha Rao ni Alákòóso Àgbà nígbà náà, Manmohan Singh sì ni mínísítà ètò ìṣúná. Àìtó owó òkèèrè ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà di kánjúkánjú, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ṣe ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Íńdíà fúnra wọn ti gbèrò tẹ́lẹ̀. Èyí ni ó mú un yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ àtúnṣe tí àwọn ayánilówó máa ń gbé lé orílẹ̀-èdè lọ́wọ́.

Ìjọba ìwé-àṣẹ

Lẹ́yìn òmìnira ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1947, ìjọba Jawaharlal Nehru gbà pé orílẹ̀-èdè tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti sọ di ọjà fún aṣọ tiwọn gbọ́dọ̀ kọ́ láti máa ṣe nǹkan fúnra rẹ̀. Ètò ọlọ́dún márùn-ún àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1951. Ní ọdún kan náà ni òfin kan jáde pé kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó lè bẹ̀rẹ̀ tàbí kí ó fẹ̀ sí i láìgba ìwé-àṣẹ. Ìwé náà a máa sọ ohun tí ilé-iṣẹ́ yóò ṣe àti iye tí yóò ṣe. Ẹni tí ó bá ṣe ju iye náà lọ ti rú òfin. C. Rajagopalachari, tí ó ti fìgbà kan jẹ́ Gómìnà Àgbà Íńdíà, ni ó fi ètò yìí ṣe ẹlẹ́yà pé ìjọba ìwé-àṣẹ ni, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ará ìlú hàn kedere lára alùpùpù Chetak tí ilé-iṣẹ́ Bajaj ń ṣe. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á yóò forúkọ sílẹ̀, yóò sì dúró. Ìdúró náà lè tó ọdún mẹ́wàá. Kì í ṣe pé Bajaj kò lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé-àṣẹ ni kò gbà á láàyè. Ẹni tí alùpùpù tirẹ̀ bá ti dé lè tún un tà fún ẹlòmíràn ní owó tí ó ju iye tí ó rà á lọ. Bajaj yìí kan náà ni ó ṣe púpọ̀ nínú ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá tí a ń rí ní títì Èkó àti Ìbàdàn lónìí.

A kò lè sọ pé ètò náà kò so èso rere kankan. Ó kọ́ ilé-iṣẹ́ irin àti ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó lórúkọ káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n láti 1950 títí di nǹkan bí 1980, ọrọ̀-ajé Íńdíà kò dàgbà ju nǹkan bí ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dún, nígbà tí iye ènìyàn inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i kíákíá.

Ìrántí ọdún 1966

Ìdí kan tún wà tí àwọn olóṣèlú Íńdíà fi ń bẹ̀rù àtúnṣe. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1966, lẹ́yìn ogun àti ọ̀dá, ìjọba Indira Gandhi gba ìmọ̀ràn Báńkì Àgbáyé, àjọ IMF àti Amẹ́ríkà, ó sì dín iye rúpì kù. Dọ́là kan tí ó jẹ́ rúpì 4.76 di rúpì 7.50. Ìrànwọ́ tí wọ́n retí kò dé tó bí wọ́n ṣe rò, àwọn ará ìlú sì bínú gidigidi. Fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, a kì í fẹ́ dárúkọ irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbangba.

Wúrà tí a fi dógò

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1990, Ìráàkì ya wọ Kùwéètì. Owó epo rọ̀bì, tí Íńdíà ń rà láti òkèèrè, fò sókè. Àwọn ará Íńdíà tí ń ṣiṣẹ́ ní Kùwéètì, tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sílé, di ẹni tí ìjọba ní láti fi ọkọ̀ òfuurufú kó padà wálé. Iye wọn lé ní 100,000. Lákòókò yìí kan náà ni Ìṣọ̀kan Sófíẹ́ẹ̀tì, tí ó jẹ́ oníbàárà pàtàkì fún ọjà Íńdíà, ń tú ká lọ. Ìjọba ti ń ná ju owó tí ń wọlé fún un lọ láti àwọn ọdún 1980, gbèsè òkèèrè sì ti pọ̀. Nígbà tí ó fi di àárín ọdún 1991, owó òkèèrè tí ó wà nílẹ̀ kò tó èyí tí a lè fi ra ọjà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ìjọba Chandra Shekhar, tí kò ní agbára nílé aṣòfin, ni ó kọ́kọ́ gbé wúrà jáde. Ní oṣù Karùn-ún, 20 tọ́ọ̀nù wúrà, tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ àwọn onífàyàwọ́, lọ sí Swítsálandì. Nínú oṣù yẹn kan náà, ní ọjọ́ 21, wọ́n pa Rajiv Gandhi nígbà tí ó ń polongo ìbò ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu. Ìjọba tuntun tí Rao jẹ olórí rẹ̀ tún fi nǹkan bí 47 tọ́ọ̀nù dógò ní oṣù Keje lọ́dọ̀ báńkì àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Jàpáánù, ó sì rí nǹkan bí mílíọ̀nù 400 dọ́là yá lórí rẹ̀. Ní Íńdíà, wúrà ni ọ̀ṣọ́ ìyàwó, òun náà sì ni ìpamọ́ ìdílé. Ìdílé tí ó bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ayánilówó, ọ̀nà mìíràn ti dí mọ́ ọn. Ìròyìn pé orílẹ̀-èdè ṣe bẹ́ẹ̀ dun ará ìlú ju bí iye owó náà ṣe mọ lọ. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti san gbèsè náà tán, wọ́n sì gba wúrà náà padà.

Oṣù Keje

Ọjọ́ 1 oṣù Keje ni wọ́n dín iye rúpì kù lẹ́ẹ̀kíní. Ọjọ́ 3 ni wọ́n tún ṣe é. Ìgbésẹ̀ kìíní wà láti dán ọjà wò. Àwọn tí ó kọ ìtàn àkókò náà sọ pé ẹ̀rù ba Rao lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n dá èkejì dúró. Nígbà tí Singh pe C. Rangarajan, igbákejì gómìnà báńkì àgbà, lórí fóònù, iṣẹ́ ti parí. Dọ́là kan wá di nǹkan bí rúpì 26.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje, ìlànà tuntun lórí ilé-iṣẹ́ àti ìwé ìṣúná jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Èyí àkọ́kọ́ fòpin sí ìwé-àṣẹ fún gbogbo ilé-iṣẹ́ àyàfi oríṣi 18. Ó tún gba ará òkèèrè láàyè láti ní tó ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún ìpín ilé-iṣẹ́ ní ẹ̀ka 34, láìsí ìdíwọ́. Ìwé ìṣúná mú owó bodè tí ó ga jù sọ̀kalẹ̀ sí ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí ó fi di 2007, ó ti di ìdá 10 lórí ọjà tí kì í ṣe ti oko.

Àwọn alátakò sọ pé Washington ni wọ́n ti kọ ìwé ìṣúná náà. Ẹ̀sùn náà ní ìpìlẹ̀ díẹ̀, nítorí pé àdéhùn àjọ IMF, tí ó mú bílíọ̀nù 2.2 dọ́là wá ní oṣù Kẹwàá, ní àwọn májẹ̀mú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1990 ni Montek Singh Ahluwalia ti kọ ìwé kan fún ọ́fíìsì Alákòóso Àgbà tí ó to púpọ̀ nínú àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ. Nígbà tí ìwé ìṣúná sì fi ìdá 40 kún owó ajílẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Rao fúnra wọn ni wọ́n kọ̀ ọ́. Ìjọba dín in sí 30, ó sì yọ àwọn àgbẹ̀ kékeré sílẹ̀.

Ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú òkèèrè

Íńdíà kò ṣí gbogbo ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1994, ó gbà kí a máa fi rúpì ra dọ́là fún òwò àti ìrìn-àjò láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n ó ṣì dí ọ̀nà mọ́ owó tí ń sáré wọlé tí ó sì ń sáré jáde. Nígbà tí irú owó bẹ́ẹ̀ ba ọrọ̀-ajé Tailandi, Indonéṣíà àti Kòríà Gúúsù jẹ́ ní 1997, Íńdíà kò fara gbá tó wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni oògùn. Òfin ọdún 1970 ní Íńdíà kò gbà kí ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ àdáni lórí oògùn fúnra rẹ̀, bí kò ṣe lórí ọ̀nà tí a fi ṣe é nìkan; nítorí náà àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń wá ọ̀nà mìíràn, wọ́n sì ń ta oògùn ní owó pọ́ọ́kú. Ní 2001, ilé-iṣẹ́ Cipla kéde pé òun lè ta oògùn àrùn éèdì fún ohun tí kò tó dọ́là kan lójúmọ́, nígbà tí iye rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti òkèèrè ju 10,000 dọ́là lọ́dún. Oògùn láti Íńdíà wà nínú èyí tí ìjọba Nàìjíríà fi bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú tirẹ̀ ní 2002. Ṣùgbọ́n Íńdíà ti di ọ̀kan lára àwọn olùdásílẹ̀ Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1995, àjọ náà sì béèrè pé kí ó yí òfin náà padà. Ó yí i padà ní 2005, ṣùgbọ́n ó fi gbólóhùn kan sínú rẹ̀ pé àyípadà kékeré lára oògùn àtijọ́ kò tó láti sọ ọ́ di tuntun. Gbólóhùn yìí ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ gbé ìdájọ́ lé ní 2013 nígbà tí ó kọ ẹ̀bẹ̀ Novartis lórí oògùn jẹjẹrẹ kan.

Ní 2009, Íńdíà ra 200 tọ́ọ̀nù wúrà lọ́wọ́ àjọ IMF. Ní 2014, òun pẹ̀lú Bràsíl, Rọ́ṣíà, Ṣáínà àti Gúúsù Áfíríkà fọwọ́ sí ìdásílẹ̀ báńkì ìdàgbàsókè kan tí ìpín wọn nínú rẹ̀ dọ́gba.

Àgbẹ̀ àti àtúnṣe

Ìdá àwọn tí ìjọba kà sí tálákà sọ̀kalẹ̀ láti 45 nínú ọgọ́rùn-ún ní 1993–94 sí nǹkan bí 22 ní 2011–12. Síbẹ̀, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti ti báńkì, tí ó jèrè jù, kò gba ènìyàn púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni oko ṣì ń gba ju ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn òṣìṣẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, ìjọba Narendra Modi ṣe òfin mẹ́ta tí ó gba àwọn oníṣòwò láàyè láti ra irè oko lẹ́yìn odi ọjà tí ìjọba ń ṣàkóso. Àwọn àgbẹ̀, pàápàá ti Punjab àti Haryana, bẹ̀rù pé èyí yóò pa iye owó tí ìjọba fi ń ra àlìkámà àti ìrẹsì lọ́wọ́ wọn rẹ́. Wọ́n kó katakata wọn dé ẹnu-bodè Delhi, wọ́n sì wà níbẹ̀ ju ọdún kan lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé aṣòfin fagi lé òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.