Kí Ẹ Tó Lọ Gbin Irun: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Àwọn méjì ló sábà máa ń béèrè nípa irun gbígbìn lọ́wọ́ wa. Èkínní ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí iwájú orí rẹ̀ ti ń pá kó tó pé ọgbọ̀n ọdún, tí fìlà kì í sì í kúrò lórí rẹ̀ mọ́. Èkejì ni obìnrin tó máa kọ́kọ́ wo ilẹ̀kùn bóyá ó tì dáadáa, kó tó rọra tú gèlè rẹ̀. Etí irun rẹ̀ ti lọ sẹ́yìn láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, bí omi ọ̀sà tó fà. Ohun tó ń ṣe àwọn méjèèjì kò jọra, ìdáhùn wa fún wọn kò sì lè jẹ́ ọ̀kan náà. Ìdí tí a fi kọ ìwé yìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í. Irun gbígbìn kì í mú irun tuntun wá. Irun ìpàkó yín náà ni wọ́n máa ń ṣí lọ síwájú, bí àgbẹ̀ ṣe ń hú ọmọ tòmátò níbi tó ti pọ̀ lọ gbìn sórí ebè mìíràn. Ibi tí wọ́n ti hú u kì í hù mọ́. Lọ́dún 1939 ni Shoji Okuda, dókítà ará Japan, ti kọ̀wé nípa ṣíṣí irun kúrò níbì kan lọ sí ibòmíràn lára ẹni, ṣùgbọ́n Norman Orentreich ní New York ló ṣe é fún ọkùnrin tí orí rẹ̀ ń pá ní 1952. Ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ fi hàn ni pé irun ìpàkó máa ń gbé ìwà rẹ̀ dání lọ síbi tí wọ́n bá gbìn ín sí. Kì í tètè lọ bíi ti iwájú orí. Ẹ̀yìn orí yín wá dà bí àká. Ohun tó wà níbẹ̀ níwọ̀n, ẹni tó bá sì ná an tán ní ọmọ ọdún 22 kò ní ohun tí yóò fi bo àtàrí nígbà tó bá di ẹni ọdún 45.

KÍ LÓ Ń JẸ IRUN YÍN?

Ìbéèrè yìí ló ṣáájú ti owó, òun náà ló ṣáájú ti ilé ìwòsàn tí ẹ máa lọ. Irun bí 50 sí 100 ló ń já bọ́ lórí ènìyàn lójúmọ́, kò sì séwu níbẹ̀. Èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ ló nídìí.

Fún ọkùnrin, ìdílé ló sábà máa ń fà á. Ẹ wo orí bàbá yín, kí ẹ sì wo orí àwọn arákùnrin ìyá yín. Orí pípá irú èyí kì í ṣe àrùn, kì í ṣe àmì èpè, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi dandan lé e pé kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kókó líle bá ń yọ ní ìpàkó yín lẹ́yìn tí ẹ bá gẹrun, ẹ tọ́jú ìyẹn ná, nítorí ìpàkó yẹn gan-an ni wọ́n ti máa hú irun.

Ti àwọn obìnrin ló ń ká wa lára jù. Bí a bá tan iná sí etí irun, a sábà máa ń rí ìlà irun tínńrín kan tó ṣẹ́kù níwájú pátápátá, bí ọgbà tó ṣì dúró lẹ́yìn tí ilé ti wó. Ẹ̀yìn ìlà yìí ni irun ti lọ. Irun tínńrín yẹn kúrú jù fún ọwọ́ onídìrí láti mú, òun ló jẹ́ kó yè. Ẹ̀rí nìyẹn pé fífà ló pa ìyókù: irun dídì tó le koko, àtáṣímẹ́ǹtì tó wúwo, wígì tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ iwájú orí, pàápàá lórí irun tí rilásà ti sọ di aláìlágbára. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2007 láti Cape Town, ní Gúúsù Áfíríkà, rí i pé nínú obìnrin mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀kan tí irú èyí ń ṣe. Láti kékeré ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí orí rẹ̀ ń ro ó lálẹ́ ọjọ́ tó dìrun, tí eéwo wẹ́wẹ́ sì sọ sí etí irun rẹ̀ nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti fa irun rẹ̀ jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tú u. Ẹ má sọ fún un pé bí ẹwà ṣe máa ń dunni nìyẹn.

Bí ihò irun bá ṣì hàn, tí awọ ibẹ̀ kò tíì máa dán, irun lè padà wá bí ẹ bá jáwọ́ nínú fífà. Ẹ sọ fún onídìrí yín kó dẹ ọwọ́, kí ẹ sì sọ ọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Awọ tó ti ń dán gbinrin ni kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mọ́. Irú ibẹ̀ ni irun gbígbìn lè wúlò fún, lẹ́yìn tí fífà bá ti dópin pátápátá. Ẹni tó gbin irun tán tó tún padà sídìí irun líle ti fi owó rẹ̀ ṣòfò.

Ìyá ọmọ tí irun rẹ̀ ń já bọ́ ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìbímọ kò nílò irun gbígbìn rárá. Yóò padà, ó sábà máa ń padà kí ọdún kan tó pé. Bó bá jẹ́ pé àtàrí ló ń fúyẹ́, tó ń yún, tó ń ta bí ẹni pé ata bọ́ sí i, ẹ má fi falẹ̀. Àìsàn kan wà tó ń jó gbòǹgbò irun láti àárín orí, tó ń fi àpá sí ipò rẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn obìnrin dúdú. Oògùn lè dá a dúró; ohun tó ti jó kò ṣeé dá padà. Irun tó dédé lọ ní ojú roboto yàtọ̀ sí èyí, ó sì lè hù padà fúnra rẹ̀. Ti ọmọdé tí làpálàpá jẹ irun rẹ̀, oògùn mímu láti ọ̀dọ̀ dókítà ló ń wò ó. Kẹrosíìnì kò wò ó.

GBÒǸGBÒ TÓ TẸ̀ BÍ ÌWỌ̀

Àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́ yóò tètè lóye èyí. Irun ọ̀pọ̀ nínú àwa ènìyàn dúdú kì í ṣe lókè nìkan ló ti ká. Gbòǹgbò rẹ̀ tẹ̀ lábẹ́ awọ, bí ìwọ̀ ẹja. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà hú irun ni láti fi irin oníhò tí ẹnu rẹ̀ tó bíi mìlímítà kan yọ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tó mú irin náà lọ́wọ́ bá kì í bọlẹ̀ gbọnrangandan, yóò gé ìwọ̀ náà sí méjì, irun yẹn sì ti kú nìyẹn. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n gé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ìpàkó, kí wọ́n rán ojú rẹ̀ pa, kí wọ́n wá pín irun inú awọ náà sí wẹ́wẹ́. Ìyẹn máa ń fi àpá gígùn sílẹ̀.

Àpá ni ọ̀rọ̀ kejì. Bí ibi tí wọ́n ti lu etí yín, ibi tí wọ́n ti gún yín lábẹ́rẹ́, tàbí ojú iṣẹ́ abẹ yín bá wú, tó ga kọjá ojú ọgbẹ́, ẹ fi han dókítà kí ó tó sọ̀rọ̀ iye owó. Ní tiwa, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yára fi orí sílẹ̀ fún abẹ nítorí ẹwà.

ÌGBÀ WO LÓ TÓ?

Ọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 25, ìmọ̀ràn wa ni kí ó dúró. Kò tíì sẹ́ni tó lè sọ ibi tí orí rẹ̀ máa pá dé. Bí wọ́n bá gbin irun sí iwájú lónìí, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń pá lọ, èyí tí wọ́n gbìn yóò dá wà bí erékùṣù láàárín ọ̀sà. Oògùn wà tó lè dá èyí tó kù dúró ná. Minoxidil ni wọ́n ń fi pa awọ orí. Ó ń gba bí oṣù 4 sí 6 kí ipá rẹ̀ tó hàn, èrè rẹ̀ sì ń lọ bí ẹ bá dá a dúró. Aboyún kò gbọ́dọ̀ lò ó. Finasteride jẹ́ oògùn mímu fún ọkùnrin. Ó ń dín agbára àwọn kan kù lórí ibùsùn, ó sì ń mú ọkàn àwọn mìíràn rẹ̀wẹ̀sì, nítorí náà dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún yín. Kí aboyún má ṣe fọwọ́ kan èyí tó fọ́. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí kí ẹ tó sanwó.

Ẹni tí àìsàn ti jó irun rẹ̀ ní láti dúró títí àìsàn náà yóò fi dákẹ́ fún ọdún kan, ó kéré tán. Bó bá di méjì, ó dára jù.

Bó bá jẹ́ nítorí ìgbéyàwó tàbí ọjọ́ ìbí, ẹ ka oṣù dáadáa. Irun tí wọ́n gbìn sábà máa ń já bọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 6. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn ènìyàn nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ bó ṣe yẹ kó rí ni. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ padà ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ó sì ń tó ọdún kan, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó kún. Ẹni tó ń ṣègbéyàwó ní Oṣù Kejìlá, tó gbin irun ní Oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ ayẹyẹ rẹ̀ yóò bá a láìsí nǹkan tó ṣe gúnmọ́ lórí.

TA NI YÓÒ FỌWỌ́ KAN ORÍ YÍN?

A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ẹni tó wo fọ́tò yín lórí WhatsApp, tó ti sọ iye irun tí yóò gbìn àti iye owó rẹ̀, kò tíì rí orí yín. Ohun kan náà là ń sọ fún àwọn tó ń lọ sí Istanbul: ẹ béèrè ẹni tí yóò di irin mú gan-an, bóyá dókítà ni tàbí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ẹni tí yóò tọ́jú yín bí ọgbẹ́ bá kẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti padà délé.

Níbí, dókítà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ MDCN, kí ó sì máa sọ ìwé àṣẹ rẹ̀ dọ̀tun lọ́dọọdún. Ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ HEFAMAA, àjọ Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń bójú tó ilé ìwòsàn. Ẹ ní kí wọ́n fi méjèèjì hàn yín, kì í ṣe àrífín. Ṣọ́ọ̀bù ìṣaralóge kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń fi abẹ kan awọ orí: bí wọn kò bá se irin dáadáa, ó lè gbé àrùn ẹ̀dọ̀ tàbí HIV láti orí kan dé èkejì.

General Hospital Ìkòròdú tàbí ti Ẹ̀pẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ gba ìwé níbẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara ní LASUTH, Ìkẹjà, tàbí LUTH, Ìdí-Àràbà. Ọ̀nà jìn láti Ẹ̀pẹ́, a mọ̀, ṣùgbọ́n ìrìn ọjọ́ kan yẹn lè gbà yín lọ́wọ́ iṣẹ́ abẹ tí ẹ kò nílò.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ má kun ìpara sórí, ẹ má sì dìrun. Ẹ mú gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, títí kan àgbo. Ẹ sọ bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, bí ẹ bá sì ń lo aspirin, ẹ sọ ọ́. Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Mùsùlùmí tí wọ́n fẹ́ gbin irun sí iwájú orí rẹ̀ ní láti béèrè nípa fífi orí kanlẹ̀ nígbà ìrun, kí òun àti dókítà lè jọ ṣètò àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Apẹja àti ọlọ́kadà náà, kí wọ́n béèrè ìgbà tí wọ́n lè padà sínú omi, àti ìgbà tí wọ́n lè dé akoto. Bí fọ́tò yín ti ọdún márùn-ún sẹ́yìn bá wà, tí irun hàn nínú rẹ̀, ẹ mú un dání.